Ẹni Tó Kọ̀ Láti Sọ Ohun Tí Kò Dá A Lójú

Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tí wọ́n rí. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Bí ó bá pa irọ́, o kò lè dá a dúró kí o bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Bí ó bá kéde ikú ẹni tí kò kú, ẹkún á ti sọ nílé kí ẹnikẹ́ni tó ráyè wádìí. Nítorí náà, orí ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ náà ni gbogbo ẹrù òtítọ́ wà. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ru ẹrù yìí fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lórí rédíò, nínú ìwé ìròyìn àti lórí tẹlifíṣọ̀n. Walter Cronkite ni orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó bẹ̀rẹ̀, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun tó mú mi wá ìtàn rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́rú kan lọ́dún tó kọjá, ibà dá mi dùbúlẹ̀ sílé, n kò lọ sí ilé ìwé. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí Wásáàpù. Ó ní àwọn ajínigbé ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní àdúgbò wa, ibẹ̀ sì ni àbúrò mi ń lọ. Ó parí pẹ̀lú pé kí ẹni tó bá rí i tètè fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíràn. Mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi ní ọjà. N kò pe ẹnikẹ́ni. N kò bèèrè ẹni tó kọ ọ́.

Ata àti tòmátò ni màmá mi ń tà. Wọ́n fi àtẹ wọn sílẹ̀ láìbò, wọ́n sì gun ọ̀kadà. Nígbà tí wọ́n dé kọ́nà tí yanrìn pọ̀ sí, ọ̀kadà náà yọ̀, màmá mi ṣubú, apá òsì wọn sì kán. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwé, àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì, wọ́n ń ka ìlọ́po méje lóhùn rara. Kò sí ajínigbé kankan. Àwọn ìyá bí ogún ló ti dúró sẹ́nu géètì, òmíràn nínú wọn kò wọ bàtà. Ẹnì kan bi màmá mi pé ta ló fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n dáhùn pé, "Ọmọ mi ni."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá àgbà gbé rédíò wọn sórí itan, wọ́n yí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ṣé o rí wọn ni, àbí wọ́n sọ fún ọ?" N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí mo padà sí ilé ìwé, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìtàn. Wọn kò bá mi wí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí n lọ ka ìtàn Walter Cronkite, kí n wá sọ ohun tí mo bá rí níbẹ̀ fún wọn.

Ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1916 ni wọ́n bí Walter Cronkite ní ìlú St. Joseph, ní Ìpínlẹ̀ Missouri. Oníṣègùn eyín ni bàbá rẹ̀. Ìlú Kansas City àti Houston ló ti dàgbà. Ó wọ Yunifásítì Texas ní ìlú Austin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìròyìn ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀ ju ìwé lọ. Ní ọdún 1935, ó fi yunifásítì sílẹ̀ láìgba oyè, ó sì dojú kọ iṣẹ́ náà.

Ọmọdé ni rédíò fúnra rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún 1936, Cronkite rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ rédíò kan tó ń jẹ́ KCMO ní Kansas City. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ní kí ó máa lò lórí afẹ́fẹ́, Walter Wilcox. Òun ló ń ka ìròyìn, òun náà ló ń sọ bí eré bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ. Kì í sì í sí lórí pápá. Inú yàrá ló ń jókòó sí, tí ọ̀rọ̀ kúkúrú kúkúrú nípa eré náà ń gba orí wáyà tẹligíráàmù wọlé, tí òun á sì sọ ọ́ di eré gidi létí àwọn tó ń gbọ́. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tètè kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin láti máa sọ ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yà mí lẹ́nu.

Nínú ìwé tí Cronkite kọ nípa ìgbé ayé ara rẹ̀, ó sọ pé ní ọjọ́ kan, ọ̀gá tó ń darí ètò ní iléeṣẹ́ náà wọlé pé ìyàwó òun ti tẹ òun láago. Iná ń jó, panápaná mẹ́ta sì ti kú. Ọ̀gá náà ní kí Cronkite sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ kíákíá. Cronkite na ọwọ́ sí tẹlifóònù láti pe iléeṣẹ́ panápaná. Ọ̀gá bi í pé kí ló fẹ́ wádìí nígbà tí ìyàwó òun ti sọ ọ́. Cronkite ní òun gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀. Ọ̀gá náà kò dúró, òun fúnra rẹ̀ lọ sídìí ẹ̀rọ, ó sì kéde ikú náà fún gbogbo ìlú. Nígbà tí ìwádìí jáde, iná kékeré ni, kò sí ẹni tó kú. Ta ni wọ́n wá lé lẹ́nu iṣẹ́? Cronkite ni.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo gbé ìwé náà sílẹ̀. Kò tíì ju bí ọmọ ogún ọdún lọ. Àsìkò tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú ni, torí ọ̀dá owó ńlá ti bá ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1929. Ọ̀gá rẹ̀ ló pàṣẹ fún un. Bó bá ka ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ní kó kà á, kò sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, ìyàwó panápaná kan lè wà nídìí rédíò nílé. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èmi ẹ̀wẹ̀, kò sí ọ̀gá tó pàṣẹ fún mi, kò sì sí iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó bọ́ sí United Press, iléeṣẹ́ tó ń kó ìròyìn jọ fún àwọn ìwé ìròyìn. Ibẹ̀ ni ó wà ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 1937, nígbà tí ilé ìwé kan bú gbàù ní ìlú New London ní Texas. Gáàsì ló ti jò sábẹ́ ilé láìsí ẹni tó mọ̀, torí gáàsì ayé ìgbà náà kò ní òórùn kankan. Nǹkan bí 300 ènìyàn ló kú, ọmọ ilé ìwé ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn bàbá tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kànga epo sáré wá, wọ́n sì ń fi ọwọ́ lásán gbẹ́ àwókù ilé láti wá àwọn ọmọ wọn. Cronkite wà lára àwọn akọ̀ròyìn tó tètè dé ibẹ̀. Àjálù yìí ló fà á tí ìjọba Texas fi ṣòfin pé kí wọ́n máa fi ohun tó ń rùn sínú gáàsì, kí imú lè tètè kìlọ̀ fún ènìyàn. Títí di òní, òórùn tí a ń gbọ́ nígbà tí gáàsì ìdáná bá ń jò kì í ṣe òórùn gáàsì fúnra rẹ̀.

Mo ronú púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn òbí New London sáré nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Eré kan náà ni màmá mi sá, nítorí irọ́. Ọkàn ìyá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ìkìlọ̀ dà bí òórùn tí wọ́n fi sínú gáàsì. Bí ilé bá ń rùn lójoojúmọ́ láìsí gáàsì tó ń jò, ọjọ́ tí ó bá jò gan-an, ẹnikẹ́ni kò ní jáde.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, United Press rán Cronkite lọ sí ìlú London láti máa kọ ìròyìn ogun. Kò jókòó sí yàrá kó máa kọ ohun tí àwọn ọ̀gágun bá sọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1943, ó bá ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù lọ sí Wilhelmshaven ní ilẹ̀ Jámánì. Àwọn akọ̀ròyìn mìíràn náà wà nínú àwọn ọkọ̀ tó lọ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, Robert Post ti ìwé ìròyìn New York Times, kò padà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, Cronkite tún bá àwọn ọmọ ogun wọ ọkọ̀ òfurufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n máa ń fi okùn fà lójú ọ̀run kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, ó sì bá wọn balẹ̀ sí ilẹ̀ Netherlands láàárín ogun. Lẹ́yìn ogun, ó jókòó sí ilé ẹjọ́ ní Nuremberg, níbi tí wọ́n ti dá ẹjọ́ àwọn olórí Násì. Bí bàbá àgbà bá bi í pé, "Ṣé o rí wọn ni, àbí wọ́n sọ fún ọ?" ó ní èsì.

Ní ọdún 1950, ó darapọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ CBS, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n kò tíì gbajúmọ̀ púpọ̀ nígbà náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lórúkọ nínú iṣẹ́ ìròyìn ṣì gbà pé rédíò ni ọba. Ní ọdún 1952, òun ló wà ní ìdí ètò nígbà tí CBS ń fi ìpàdé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú hàn káàkiri orílẹ̀-èdè, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwa náà má gbàgbé pé kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ni tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí. Nítorí náà, àwọn tó kọ́kọ́ ka ìròyìn lójú tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Yorùbá àti Cronkite jọ kọ́ iṣẹ́ tuntun kan ní sáà kan náà ni.

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1962 ni Cronkite bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn ìrọ̀lẹ́ CBS. Ìṣẹ́jú 15 péré ni ètò náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, wọ́n sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 30, Ààrẹ John Kennedy ló sì fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ó kọ́ ara rẹ̀ láti máa sọ bí ọ̀rọ̀ 124 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ń sọ bí 165, kí àgbà àti ọmọdé lè gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Ohùn rẹ̀ wúwo, kì í pariwo. Gbólóhùn kan náà ló fi ń parí ìròyìn lálaalẹ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wa ni pé, "Bó ṣe rí nìyẹn."

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí ó bá Kennedy sọ̀rọ̀ tí ọjọ́ burúkú fi dé. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1963, ní aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ní ìlú Dallas, wọ́n yìnbọn lu ààrẹ nínú ọkọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ètò eré tó ń lọ lórí CBS dá dúró, ohùn Cronkite sì wọlé. Ohùn nìkan ni àwọn ènìyàn gbọ́, wọn kò rí i, torí pé kámẹ́rà ayé ìgbà náà ní láti gbóná fún bí ogún ìṣẹ́jú kó tó lè ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ojú rẹ̀ hàn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì àti táì láìsí kóòtù. Ìròyìn ń wọlé láti ibi gbogbo. Akọ̀ròyìn CBS kan ní Dallas ti gbọ́ pé ààrẹ ti kú. Àwọn àlùfáà tó wọ ilé ìwòsàn náà ti sọ̀rọ̀. Lórí rédíò CBS gan-an, wọ́n ti kéde rẹ̀. Cronkite sọ gbogbo ohun tó ń wọlé fún àwọn òǹwòran, ṣùgbọ́n ó ń tẹnu mọ́ ọn pé kò tíì sí ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ. Ní aago kan kọjá ìṣẹ́jú 38 ní Dallas, wọ́n na ìwé kan sí i. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á: ààrẹ ti kú ní aago kan. Ó bọ́ awò náà, ó wo aago tó wà lára ògiri, ó sì sọ iye ìṣẹ́jú tó ti kọjá. Ó tún awò ojú náà wọ̀. Ó gbé itọ́ mì, ohùn rẹ̀ fẹ́ já, ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn tó tètè kéde kò kúkú parọ́, ààrẹ kú lóòótọ́. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan jiyàn lórí èyí. Ohun tí mo rò ni pé, bí afọ́jú bá ju òkò tó sì ba ẹyẹ, a kò ní tìtorí bẹ́ẹ̀ pè é ní ọdẹ. Ẹni tó sọ òótọ́ láìní ẹ̀rí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹni tó parọ́ láìmọ̀, orí ló kó ẹni àkọ́kọ́ yọ. Ìyá tó bá ti gbára lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè mọ ọjọ́ tí òkò rẹ̀ yóò tàsé.

Ṣé Cronkite kò ní àléébù ni? Ó ní. Ọ̀rọ̀ ogun Vietnam ni àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lé lórí. Ní ìparí oṣù Kìíní ọdún 1968, lásìkò ọdún tuntun wọn tó ń jẹ́ Tet, àwọn ọmọ ogun Àríwá Vietnam àti Viet Cong kọlu ọ̀pọ̀ ìlú ní Gúúsù lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ti ń sọ pé ogun náà ti fẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn. Cronkite kò gba ọ̀rọ̀ ìjọba, kò sì kọ̀ ọ́, ó wọ ọkọ̀ òfurufú lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, lẹ́yìn tí ó ti fi ohun tó rí hàn, ó sọ pé èrò ti ara òun ni òun fẹ́ sọ báyìí. Ó ní kò jọ pé ẹnì kankan yóò borí nínú ogun náà, ìjíròrò ló sì kù. Àwọn kan yìn ín. Àwọn mìíràn ní akọ̀ròyìn kò gbọ́dọ̀ gbé èrò ara rẹ̀ wọ inú ìròyìn. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé ó fi ògiri sáàárín méjèèjì. Ó sọ fún wa ibi tí ohun tó rí parí sí, àti ibi tí ohun tó rò ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún so mọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ ìwé ló sọ pé Ààrẹ Lyndon Johnson ń wo ètò náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tó sì kọ háà pé bí òun bá ti pàdánù Cronkite, òun ti pàdánù gbogbo ará ìlú. Ìtàn tó dùn ni. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn wádìí ibi tí Johnson wà, wọ́n sì rí i pé ìlú Austin ló wà, níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí gómìnà Texas. Kò wo ètò náà nígbà tí wọ́n ń gbé e jáde. Lóòótọ́ ni Johnson kéde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta pé òun kò ní díje mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí tó dúró pé ètò kan ṣoṣo ló fà á. Ẹ wò ó bí irọ́ ṣe lè lẹ̀ mọ́ ẹni tó kórìíra irọ́!

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orúkọ tí wọ́n fún un pé òun ni ẹni tí àwọn ará Amẹ́ríkà fọkàn tán jù lọ. Ìwádìí kan ní ọdún 1972 ló fà á. Lóòótọ́, òun ló ga jù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú ni wọ́n kó pọ̀ mọ́ ọn nínú ìbéèrè náà. Ẹni tí wọ́n bá gbé sáàárín àwọn olóṣèlú, kò ṣòro kó dà bí ẹni tó funfun jù. N kò sọ èyí láti bu ọlá rẹ̀ kù. Mo sọ ọ́ nítorí pé ohun tí òun fúnra rẹ̀ ìbá fẹ́ kí a ṣe ni.

Kì í ṣe ìròyìn ikú àti ogun nìkan ló kà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1969, nígbà tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn balẹ̀ sórí òṣùpá, Cronkite ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n CBS. Nínú nǹkan bí wákàtí 30, ó lo bí 27 níbẹ̀. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí ọkọ̀ náà balẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ọwọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ojú kan náà tí wọ́n rí nínú ìbànújẹ́ ọdún 1963 ni wọ́n rí nínú ayọ̀ yìí, mo sì rò pé ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Walter Àbúrò Bàbá.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1972, nígbà tí ọ̀rọ̀ Watergate kò tíì yé ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó lo bí ìṣẹ́jú 14 nínú ìròyìn ìrọ̀lẹ́ kan láti ṣàlàyé rẹ̀. Inú ilé ìjọba kò dùn, wọ́n sì fi ẹjọ́ sun ọ̀gá àgbà CBS. Nígbà tí apá kejì ìròyìn náà jáde, wọ́n ti gé e kù sí bí ìṣẹ́jú 8. Èyí fi hàn pé ẹni tó mọyì òtítọ́ náà ní ọ̀gá lórí, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń borí. Ṣùgbọ́n apá kejì náà jáde, kò wọ inú àpótí lọ.

Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1981 ló ka ìròyìn ìrọ̀lẹ́ kẹ́yìn. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2009, ó kú sí ìlú New York ní ẹni ọdún 92. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kó pé ogójì ọdún tí ènìyàn dé orí òṣùpá. Nígbà tí àwọn oníròyìn ń kọ ìtàn rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ọ́ pé ní ilẹ̀ Sweden, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe gbogbo ẹni tó bá ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Onímọ̀ èdè kan tọpa rẹ̀, ó sì rí i pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníròyìn ti ń dà á kọ láti ọwọ́ ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí ẹni tó bi ará Sweden kan ṣoṣo. Níbi ìsìnkú ẹni tó na ọwọ́ sí tẹlifóònù kí ó tó sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó rántí láti na ọwọ́ sí tẹlifóònù.

Lónìí, gbogbo wa la ti di asọ̀rọ̀mágbèsì. Nígbà ayé Cronkite, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló lè bá ẹgbẹ̀rún ènìyàn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nísinsìnyí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ibà dá dùbúlẹ̀ lè ṣe é kó tó dìde lórí ẹní. A ti gba agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò kọ́ sùúrù rẹ̀. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ̀yin náà ń fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kì í ṣe àwa ọmọdé nìkan. Mo tọrọ àforíjì bí ọ̀rọ̀ mi bá ti ga ju ọjọ́ orí mi lọ.

Apá màmá mi ti jinná, ṣùgbọ́n wọn kò lè fi gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò mọ́. Èmi ni mò ń bá wọn gbé e lọ sí ọjà ní òwúrọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ ọjọ́ náà rí láti ìgbà yẹn.

Ní oṣù tó kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn tún wọlé. Wọ́n ní omi kànga ilé ìwé àbúrò mi ti ní májèlé, ọmọ mẹ́ta sì ti dákú. Àyà mi já. Mo wá nọ́ńbà ọ̀gá ilé ìwé náà lọ́dọ̀ aládùúgbò wa kan, mo sì pè wọ́n. Wọn kò gbé e. Mo tún pè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n gbé e, wọ́n sì sọ fún mi pé kò sí ohun tó jọ ọ́, pé àwọn ọmọ wà níbi eré ìmárale. Mo gbọ́ ariwo wọn lẹ́yìn ohùn wọn. Mo wá kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ ẹbí wa lórí Wásáàpù pé: "Mo pe ilé ìwé. Ọ̀gá wọn ló bá mi sọ̀rọ̀. Irọ́ ni." Ẹnikẹ́ni kò fèsì.

Ní alẹ́, mo sọ fún bàbá àgbà. Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n sì yí ohùn rédíò wọn sókè. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Jókòó, jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn."